Ohun Tí Mo Jẹ Gan-an Nígbà Tí Mo Lóyún Rẹ

Marivel ọmọ mi,

Ẹlẹ́dẹ̀ ló mu wàrà rẹ.

Mo ti kọ ọ́ báyìí, kò sì sí bí mo ṣe lè pa á rẹ́ mọ́, nítorí pẹ́nì ni mo fi kọ ọ́, kì í ṣe pẹ́ńsù, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ mú pẹ́nì ni. Ó ti di ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jókòó láti kọ ọ́ sí ọ, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo kọ̀wé nípa adìẹ dípò rẹ̀. Ní báyìí tí ó ti jáde, jẹ́ kí n padà sẹ́yìn kí n kí ọ bí ìyá ṣe ń kí ọmọ, kí o má baà rò pé orí mi ti dàrú.

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé oyún náà ń gbé ọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́? Ṣé Jonel ọkọ rẹ ń fọ aṣọ bí mo ti ní kó máa fọ̀ ọ́? Kí Ọlọ́run àti San Vicente, ẹni mímọ́ tó ni abúlé wa, máa dì ọ́ mú lórí àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin tí ẹ ń gbé ní Cebu yẹn, nítorí mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé n kò rí ìdí tí ènìyàn fi ní láti gun òkè ọ̀run kí ó tó lè sùn. Kí ọmọ inú rẹ má rí ohun tí yóò dẹ́rù bà á kí ó tó rí ojú tèmi, tèmi nìkan ti tó o. Àmín.

Àwa náà wà. Bàbá rẹ wà láàyè, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìjẹta. Ọ̀rọ̀ àkùkọ ìjà rẹ̀ ni. O mọ̀ pé àkùkọ pupa yẹn máa ń jẹ ẹyin kan láràárọ̀, tí bàbá rẹ á fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ ọ sínú àwo, á pò ó mọ́ àgbàdo, á wá jókòó tì í bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn. Ìjẹta ni mo kó gbogbo ẹyin ilé, mo tì í mọ́ inú àpótí aṣọ mi, mo ní láti òní lọ ẹyin ilé yìí ti di ti Marivel. Bàbá rẹ ní ṣé mo fẹ́ kí àkùkọ òun kú lójú agbo ni. Mo ní àkùkọ yẹn ti jẹ ẹyin ju gbogbo ọmọ tí mo bí lọ, bí kò bá lè fi èyí tó ti jẹ jà, kó yáa fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní òun ò tíì rí obìnrin tó ń jowú àkùkọ rí láyé òun. Láti ìgbà náà, àkùkọ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Mo rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Bentoy onísọ́ọ̀bù. Má bínú sí mi, Inday, ọmọbìnrin mi. Bentoy kò sí nílé nígbà tó wọlé, ìyàwó rẹ̀ ló sáré gbé fóònù wá bá mi, ó ní láti Cebu ni. Mo wò ó: gbogbo rẹ̀ dúdú, nǹkan funfun kan wá ń yí po láàárín òkùnkùn náà, nọ́ńbà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ta ni yóò wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí kò ní mọ̀ pé ìjì ni? Bí wọ́n ṣe máa ń fi í hàn nínú tẹlifíṣọ̀n gan-an nìyẹn kí ìjì tó kọlù wá. Mo ní ọmọ mi ti rí i láti ìlú ńlá, ó fi ránṣẹ́ kí n lè tètè sá. Mo figbe ta. Kí á tó wí kí á tó fọ̀, àwọn apẹja ti wọ́ ọkọ̀ mẹ́wàá gòkè iyanrìn, a ti fi okùn so òrùlé wa mọ́ igi àgbọn, bàbá rẹ ti gbé àkùkọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí Bentoy dé lọ́sàn-án, oòrùn ń ràn gbàù, ó wo àwòrán náà, ó wo àwọn ọkọ̀, ó ní, ẹ̀yin ará Lawis, ọmọ-ọmọ Norberta lẹ ń sá fún o. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá létí òkun, wọn á ní, Norberta, ìjì wa ńkọ́, ṣé ó ti ń ta ẹsẹ̀? Ṣùgbọ́n mo ti padà wò ó dáadáa. Imú bàbá rẹ ló ní.

Ó yá, jẹ́ kí n dé ibi wàrà. Mo ti ń sá fún un, ìwọ náà sì ti mọ̀.

Nígbà tí mo lóyún rẹ, ọmọ ogún ọdún ni mí, mo ti ka ìwé sẹ́kọ́ńdírì tán, mo rò pé mo gbọ́n. Ọdún náà ni àwọn obìnrin oníwèé kan bẹ̀rẹ̀ sí wá sí abúlé wa láti Cebu. Aboyún ni wọ́n ń wá. Wọn á wọ̀n wá, wọn á fi okùn wọn apá wa, wọn á wá jókòó, wọn á bi wá léèrè gbogbo ohun tí a jẹ láti àárọ̀ àná títí di alẹ́ àná, wọn á sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó ń wá sọ́dọ̀ tèmi ni Gemma, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń wọ bàtà funfun nínú ẹrẹ̀. Ilé ìwòsàn ìlú náà sì ń fún àwa aboyún ní wàrà oníyẹ̀fun, àpò kan lóṣù, pẹ̀lú oògùn pupa tó ń fún ni lẹ́jẹ̀. Wàrà tìrẹ nìyẹn. Orúkọ mi ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ ni wọ́n fún.

Oṣù tí oyún rẹ dúró yẹn náà ni a ra ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kan. Ọdún San Vicente tó ń bọ̀ nínú oṣù kẹrin ni àkọ́kọ́ tí n ó ṣe gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé. O mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa: lọ́jọ́ náà kò sí ilẹ̀kùn tí à ń tì, ẹni tí o kò rí rí á wọlé, á jókòó, á jẹun, á nu ẹnu, á lọ, o kò sì ní mọ orúkọ rẹ̀. Ìyàwó tuntun tí kò bá lè gbé odidi ẹlẹ́dẹ̀ sísun kalẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀, kó yáa máa gba ẹ̀yìnkùlé lọ pọnmi títí yóò fi darúgbó. Ìyá bàbá rẹ, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, ti ránṣẹ́ sí ẹbí ní erékùṣù mẹ́ta pé kí wọ́n wá wo ohun tí ìyàwó Crisanto yóò gbé kalẹ̀. Ó wá wo ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ náà nínú ọgbà, ó ní, Norberta, ẹlẹ́dẹ̀ nìyí ni, àbí ológbò? Mo ní, Màmá, yóò sanra. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni yóò sanra?

Mo sọ ọ́ ní Dóńyà, nítorí bí obìnrin olówó ni mo fẹ́ kó rí. Òjò kò rọ̀ dáadáa lọ́dún náà, àgbàdo kò yọmọ, ẹja sì sá kúrò lábẹ́ ọkọ̀ bàbá rẹ. Ohun tó ń wọlé kò tó ikùn méjì. Mo wá pín in. Dóńyà ń mu wàrà láàárọ̀, ó ń mu ún lálẹ́. Ó ń jẹ kúkúńdùnkún, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, orí ẹja, ewé mọ̀ríńgà tí mo ń já lẹ́yìn ilé. Oògùn pupa náà, inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo ń fi í pamọ́ sí fún un, nítorí kò fẹ́ràn rẹ̀, èmi náà kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Èmi ń jẹ àgbàdo lílọ̀ pẹ̀lú iyọ̀, tàbí pẹ̀lú ẹja wẹ́wẹ́ oníyọ̀ inú ìgò, ìka kan láàárọ̀, ìka kan lálẹ́. Kò dùn mí nígbà náà. Àwọn àgbà ti sọ fún wa pé aboyún tó bá ń jẹ àjẹyó, ọmọ rẹ̀ á tóbi, á há sójú ọ̀nà, pé kí á máa jẹ díẹ̀ kí ọmọ lè kéré, kó yọ̀ jáde bí ẹja. Mo ní ọgbọ́n ńlá ni mo gbọ́n yìí: ẹlẹ́dẹ̀ á sanra, ọmọ á kéré, n ó bímọ wẹ́rẹ́, ojú kò sì ní tì mí lọ́jọ́ ọdún.

Bí Gemma bá dé, á jókòó sórí àpótí, á ṣí ìwé, á ní, Norberta, kí lo jẹ lánàá? Ojú á tì mí. Ṣé kí n wá sọ fún àlejò tó ti Cebu wọ bàtà funfun wá pé iyọ̀ ni mo jẹ? Lọ́dọ̀ wa, bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ pé ṣé o ti jẹun, o ti jẹun nìyẹn, kódà bí ikùn bá ń han. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ purọ́ pátápátá, nítorí mo wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ Màríà nílé-ìwé. Mo wá ń ka oúnjẹ Dóńyà fún un. Mo ní wàrà, ife méjì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta. Kúkúńdùnkún. Orí ẹja. Ewé mọ̀ríńgà. Ó ní kí n fi ọwọ́ júwe bí ewé náà ti pọ̀ tó, mo júwe rẹ̀, ẹ̀kún ọwọ́ méjì, ó ní, gbogbo èyí? Mo ní, mo máa ń jẹ ẹ́ tán, n ó sì lá àwo. Ojú Gemma á máa dán bó ti ń kọ. Nígbà tó wọ̀n mí tó ní kí ló dé tí ara mi kò sanra, mo ní bí ìdílé wa ṣe rí nìyẹn, irun ni oúnjẹ wa máa ń gbà lọ. Marivel, gbogbo oúnjẹ tí mo dárúkọ ni wọ́n jẹ nínú ilé mi lóòótọ́. Oúnjẹ kò purọ́. Ẹnu tó jẹ ẹ́ nìkan ni mo pààrọ̀.

Ọjọ́ ọdún pé, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé Dóńyà. Ìyá bàbá rẹ jẹ etí rẹ̀ kan, ó jẹ etí kejì, ó ní, wọ́n tọ́ èyí dáadáa. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí omi bọ́ lójú mi. Mo gbé àwo fún àlejò títí ẹsẹ̀ mi fi wú, awọ kékeré kan ṣoṣo ni mo sì fi kan ẹnu, nítorí ẹran tán kí àlejò tó tán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo bí ọ. O yọ̀ jáde bí ẹja lóòótọ́. Ìyá Pasing agbẹ̀bí kò ní òṣùwọ̀n ọmọ, òṣùwọ̀n tí ọkọ rẹ̀ fi ń ta ẹja ló gbé wá, ó fi aṣọ so ọ́ kọ́ ọn. O lé díẹ̀ ní kílò kan àti ààbọ̀, o kò pé méjì. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, Norberta, ọkọ mi ti ju ẹja tó tóbi ju báyìí lọ padà sínú omi rí. Bàbá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí á lé ológbò jáde.

Òkun ń bínú lóṣù náà, Gemma kò rí ọkọ̀ wọ̀ wá títí oṣù kan fi kọjá. Nígbà tó fi dé, ọmú ti gbé ọ dìde díẹ̀, mo sì fi aṣọ mẹ́ta wé ọ. Ó fẹ́ wọ̀n ọ́, mo ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni. Ó wá bi mí pé kílò mélòó ni o jẹ́ lọ́jọ́ tí mo bí ọ. Mo ní mẹ́ta. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó tún kọ ọ́ sínú káàdì rẹ, káàdì aláwọ̀ ìyeyè tí mo wé sínú ọ̀rá, tí o gbé lọ sí Cebu pẹ̀lú ìwé ìrìbọmi rẹ, tí o sì fi lé dókítà lọ́wọ́ lóṣù tó kọjá. Irọ́ mi ni dókítà rẹ ń kà.

Ṣé o rí i, mo lè máa gbé e bẹ́ẹ̀ títí n ó fi kú, ṣùgbọ́n lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, Gemma padà wá. Ó ti sanra, irun rẹ̀ ti funfun, bàtà rẹ̀ ṣì funfun. Àwọn ọmọ tí a bí nígbà náà ni wọ́n tún ń wá, láti wọn bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ń ru sí, èyí tí wọ́n ń pè ní ìfúnpá. Mo sọ fún un pé Cebu lo wà, pé oyún rẹ ti pé oṣù márùn-ún, pé dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ ń ru, ó sì yà á lẹ́nu, nítorí o tẹ́ẹ́rẹ́, o kì í mu sìgá, o kì í sì í jẹ iyọ̀ púpọ̀. Gemma mi orí. Ó ní ohun tí àwọn rí nínú gbogbo ìwé ọdún wọ̀nyí ni pé ohun tí ìyá jẹ nígbà oyún kì í tán lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Ó ní ọmọ inú dà bí ẹni tó ń kọ́lé, ohun tí ìyá bá fi ránṣẹ́ ló fi ń kọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ló fi ń kọ́ kíndìnrín rẹ̀. Bí ohun ìkọ́lé kò bá tó, kò ní dáwọ́ dúró, á rọra kọ́ ọ ní híhá, kí ẹ̀mí lè ríbi dúró ná. Ilé náà á dúró. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá dàgbà, ẹ̀jẹ̀ á máa fipá kọjá níbi tó há.

Ó wá rẹ́rìn-ín, ó gbá mi lórúnkún, ó ní, ṣùgbọ́n tìẹ ló rú wa lójú, Norberta. Nínú gbogbo aboyún Lawis, ìwọ lo jẹun jù! Mo ṣì ń rántí mọ̀ríńgà ẹ yẹn, ẹ̀kún ọwọ́ méjì! Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo bẹ́ àgbọn fún un, ó mu ún. Mo wá bi í, bí ẹni ń béèrè fún aládùúgbò, pé bí obìnrin kan kò bá rí oúnjẹ jẹ dáadáa nígbà náà ńkọ́, ṣé òun ló ba ọmọ rẹ̀ jẹ́ nìyẹn? Ó ní rárá o, wọn kì í dá ẹjọ́ rẹ̀ báyẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ebi pa nínú ìyá wọn ni ẹ̀jẹ̀ wọn rọlẹ̀ wọ̀ọ̀, ẹ̀jẹ̀ àwọn mìíràn tí ìyá wọn jẹ àjẹyó sì ń ru. Nǹkan pọ̀ tó ń fà á, èyí kàn ń fi kún un ni. Ó ní ṣùgbọ́n kí obìnrin náà sọ ọ́ o, nítorí dókítà tó bá mọ ibi tí ọmọ ti wá á ṣọ́ ọ ju ẹni tí kò mọ̀ lọ, pàápàá bí ọmọ náà bá ti fẹ́ di ìyá. Ó bá wo ojú mi. Mo ní n ó sọ fún aládùúgbò náà. Nígbà tó lọ, mo lọ jókòó síbi tí ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ wà tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fọ́ọ̀mù dé, èyí tí dókítà rẹ ní kí èmi ìyá rẹ kún. Mo ti kún un, n kò mọ̀ bóyá mo kún un bó ti yẹ. Wọ́n ní kí n kọ ìtàn àìsàn ìdílé. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá bàbá mi, tí ibà mú nígbà ogun àwọn ará Japan, tó gun igi àgbọn, tó sì kọ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò ju ìbú àtàǹpàkò mi lọ, mo rò pé bóyá ìwé ló wọ́n ní Cebu, mo bá wọn lẹ ojú ewé mẹ́rin mọ́ ọn. Níbi tí wọ́n kọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan kan síbẹ̀, pé ti ilé ìwòsàn ni, mo kí wọn níbẹ̀, nítorí kò yẹ kí ènìyàn gba ojúlé olójúlé kọjá láìkí i. Níbi tí wọ́n bi mí pé ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ẹbí, mo kọ rárá, mo tún rò ó pé kò sẹ́ni tó wọn tiwa wò rí, mo bá fi kún un pé, ṣùgbọ́n a kò tíì bi ẹ̀jẹ̀ léèrè. Níbi tí wọ́n wá bi mí pé kílò mélòó ni ọmọ yín nígbà tí ẹ bí i, pẹ́nì mi dúró. Mo fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo. Mo ní n ó tún ronú sí i. Kí ni mo fẹ́ ronú sí? Ojú ni mo ń ro, Marivel. Bí wọ́n ṣe ń fi ìjì yẹn pè mí létí òkun, mo ń ro ohun tí wọn yóò máa pè mí bí wọ́n bá gbọ́ ti ẹlẹ́dẹ̀.

Ìyẹn ni mo ń rò lọ́wọ́ tí Jonel fi pè mí lánàá sórí fóònù Bentoy. O mọ̀ pé n kì í fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ gidi sínú fóònù yẹn, nítorí ohun tí ènìyàn bá sọ sínú rẹ̀ kì í tán níbẹ̀, mo sì fura pé ìyàwó Bentoy máa ń tú u jáde láti gbọ́. Jonel ní, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ọmọ yín wí, kì í jẹun. Ó ní ṣíbí mẹ́ta, o ti ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ìgbà tí òun bínú, o ní èmi ni mo ní kí o máa jẹ díẹ̀, kí ọmọ má baà há. Ó ní dókítà ti sọ pé ọmọ náà kéré fún oṣù rẹ̀. Òótọ́ ni. Oyún rẹ kò ju oṣù méjì lọ tí mo ti sọ ọ́ fún ọ, tẹ̀rín-tẹ̀rín, bí ẹni ń fún ọmọ ní yẹtí tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Mo tún ní kí o má jẹ́ kí wọ́n máa fi aṣọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá yẹn fún ọ lápá mọ́, pé bí wọ́n bá fún apá èmi náà bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ mi á bínú, pé aṣọ náà ló ń ru ẹ̀jẹ̀ rẹ.

Inday mi, gbọ́. Mo kó ọ̀rọ̀ méjèèjì jẹ. Jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́. Oògùn tí wọ́n bá fún ọ, ẹnu ara rẹ ni kí o fi gbé e mì. Kí o sì jẹun. Jẹ ẹja. Jẹ ẹyin. Jẹ ẹ̀wà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé yẹn, kí Jonel já mọ̀ríńgà sí i. Bí ọmọ bá tóbi tó sì fẹ́ há, dókítà mọ ohun tí yóò ṣe sí i. Èyí tí kò rí oúnjẹ fi kọ́ ara rẹ̀ nínú, n kò mọ dókítà tó lè padà wọlé lọ bá a kọ́ ọ. Èmi, ojú àlejò ni mo bọ́ yó, mo fi ebi pa ẹni tó ń gbé inú mi. N kò mọ̀ bóyá ìyá rere ni mí. Mo ti bi ara mi léèrè láti ọjọ́bọ̀, ìdáhùn kan náà kọ́ ni mo ń rí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ láti ìgbà tí o ti wà lórí òṣùwọ̀n ẹja, n kò sì tíì dáwọ́ dúró.

Ọkọ̀ ọ̀sán ni yóò gbé lẹ́tà yìí, pẹ̀lú ẹyin mẹ́tàdínlógún tí mo tò sínú eèrí àgbàdo. Má sọ fún bàbá rẹ pé mo ní mẹ́tàdínlógún, mẹ́wàá ló mọ̀.

O mọ̀ pé n kì í parí lẹ́tà láìtọrọ owó, n kò sì fẹ́ kí o rò pé ara mi kò yá. Mo tọrọ o. Owó òrùlé tí ò ń fi pamọ́ fún mi, mo fẹ́ gbà á nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ọjà ni kí o bá mi ná an, kí o ra ohun tí mo kà sókè yẹn, kí o sì bá mi jẹ ẹ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Kí Jonel fọwọ́ síwèé pé òun rí i tó wọ ẹnu rẹ, nítorí mo mọ bí àwọn obìnrin ìdílé wa ṣe ń ròyìn oúnjẹ.

Kí Ọlọ́run tó mọ iye irun orí rẹ fi ọwọ́ tútù kan iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ. Kí ọmọ inú rẹ rí ohun gbogbo kọ́ ilé rẹ̀, kí yàrá rẹ̀ fẹ̀, kí ojú ọ̀nà rẹ̀ gbòòrò. Kí o bí i tọwọ́tẹsẹ̀, kó wúwo lápá ẹni tó bá gbé e. Èmi Norberta ìyá rẹ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń béèrè ìdáríjì tí kò sì ní bínú bí kò bá tètè dé.

Gemma ṣì wà ní ilé ìwòsàn ìlú títí di ọjọ́ Ẹtì. Lọ́la, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, n ó rìn lọ bá a, n ó jókòó síwájú rẹ̀ níbi tí gbogbo aboyún tó tò síbẹ̀ ti lè gbọ́, n ó ní kó ṣí ìwé ọdún náà, kó fa igi lé orí ohun tí mo sọ, n ó sì ka ohun tí mo jẹ gan-an fún un títí yóò fi kọ ọ́ tán, n kò ní dìde títí yóò fi pe dókítà rẹ lójú mi.